Ṣé orúkọ èèyàn lè sọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Tákíè

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di Sátidé.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan tó fẹ́ du ipò lọ́dún 2027 ní òun fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́: ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, fàtiláísà fún àwọn tó ń dáko, owó díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ká kọ́kọ́ yọ àwọn tí kì í ṣe "tiwa" kúrò nínú ìwé orúkọ. A béèrè bí a ó ṣe mọ̀ wọ́n, wọ́n ní orúkọ wọn ni ká wò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, ní wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, pé téèyàn bá ti tẹ orúkọ sínú rẹ̀, á sọ ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún ń dìbò fún.

Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti fi bírò pupa àti aláwọ̀ ewé sàmì sí ojú ewé àkọ́kọ́ kí n lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n ṣe ìyókù. Ráfíù gba pupa, ìyẹn àwọn tí wọ́n fẹ́ ká yọ. Jésùtófúnmi gba ewé. Emeka, tí wọ́n bí sí Ṣábó, tó gbọ́ èdè Ògbómọ̀ṣọ́ ju ọ̀pọ̀ wa lọ, pupa. Wọ́n fi àmì ìbéèrè síwájú Bọ́lá, nítorí wọn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, Mùsùlùmí àbí Onígbàgbọ́. Mo mọ Ráfíù yẹn. Ojúlé kẹta sí wa ni. Látìgbà tó ti ṣe fíríídọ́ọ̀mù ló ti ń yá ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ lò.

Ṣé òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ yìí? Tí kò bá sì sí, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn tí wọn ò fi ní ka èmi náà mọ́ ọ̀tá?

Tíṣà Afẹ̀yìntì

Akọ̀wé, o ṣeun tó o fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án. Jẹ́ n ti ibi tí orúkọ ti ń wá bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ, wọ́n á gbé abọ́ omi kalẹ̀ láàárín agbo. Oyin ń bẹ níbẹ̀, iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀, obì, orógbó, ataare. Bàbá ọmọ á pe orúkọ tirẹ̀. Ìyá ọmọ á pe tirẹ̀. Bàbá àgbà á ju owó sínú abọ́, á ní Oyèníyì ni òun ń pè é. Ìyá ìyá rẹ̀ á ju owó tirẹ̀ sí i, á ní Àjàní ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó ti Jọ́ọ̀sì dé ò ní gbẹ́yìn. Tí ilé bá sì rí bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí, tí àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, tí àwọn kan ń kírun, lẹ́mọ́ọ̀mù náà á fi orúkọ kan ta ọmọ lọ́rẹ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, orúkọ ọmọ ti lé ní márùn-ún, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọn kì í dìbò fún ẹgbẹ́ kan náà. Èwo nínú rẹ̀ ló bọ́ sínú ìwé rẹ? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ wá síléèwé. Èmi alára kọ irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bàbá ní Sáńdè, ìyá ní Ṣùnkànmí. Ẹni tó bá fa ọmọ lọ́wọ́ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, orúkọ tó bá pè ló ń wọ rẹ́jísítà, òun náà ló sì ń bá ọmọ dé orí káàdì ìdìbò.

Mi ò sọ pé ìṣèlú kì í wọ inú orúkọ o. Ó ń wọ̀ ọ́. Ìlú Ládòkè Akíntọ́lá la wà yìí. Nígbà tí òun àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pín gààrí lọ́dún 1962, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ní Ọlọ́pẹ (àwọn ti Awólọ́wọ̀) níhìn-ín, Dẹ́mọ̀ (àwọn ti Akíntọ́lá) lọ́hùn-ún, inú agbolé kan náà ni ìjà náà wọ̀. Nínú agbolé tiwa, bàbá méjì bímọ ọkùnrin láàárín ìgbà yẹn. Ọ̀kan sọ tirẹ̀ ní Ládòkè. Èkejì, tó jẹ́ Ọlọ́pẹ paraku nínú ìlú Akíntọ́lá, sọ tirẹ̀ ní Ọbáfẹ́mi, àwọn kan ò sì yà sí ilé rẹ̀ jẹun ìkómọ lọ́jọ́ náà. Mo wà níbẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo rí abọ́ ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Nígbà tó di ìdìbò 1983, tí àwọn ọmọ méjèèjì ti tó ẹni ń dìbò, Ládòkè ló ń lẹ̀ pósítà Bọ́lá Ìgè mọ́ ògiri fún UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Ọbáfẹ́mi ń bá NPN, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn díje, kiri. Orúkọ wọn ń sọ ohun tí bàbá wọn rò lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí wọn. Ohun tí àwọn fúnra wọn rò, àfi kéèyàn bi wọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Florida

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe níbí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí ọmọ oníkọ̀ǹpútà yẹn gbọ́. Kò purọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú wá fún yín.

Ní Florida, téèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ààyè wà nínú fọ́ọ̀mù tó ti máa kọ ẹgbẹ́ rẹ̀: Democrat, Republican, tàbí kó ní òun ò sí nínú ìkankan. Ìwé orúkọ yẹn kì í ṣe ohun àṣírí, èèyàn lè gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Bákan náà, ẹni tó bá dá owó tó ju 200 dọ́là lọ fún ẹni tó ń du ipò ìjọba àpapọ̀, orúkọ rẹ̀ á jáde síta. Ẹni tó bá ní ìwé méjèèjì lọ́wọ́ á kàn jókòó ka iye àwọn tó ń jẹ́ Linda tó jẹ́ Republican àti iye tó jẹ́ Democrat. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Orúkọ àti ẹgbẹ́ ti wà lórí ìlà kan náà kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kì í sì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà ló rí bẹ́ẹ̀: ní Texas, wọn kì í béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀.

Kí wá ni ìṣirò yẹn ń rí? Lọ́dún 1947, Linda ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọmọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Tí kọ̀ǹpútà bá rí Linda, ìyá àgbà ló rí. Tó bá rí DeShawn, á gbà pé èèyàn dúdú ni, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn dúdú níbí sì ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ Democrat láti ọdún 1964. Nítorí náà, ọjọ́ orí ni orúkọ ń tọ́ka sí, àti ẹ̀yà, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwọn yẹn ló ń tọ́ka síbi tí ìbò lè gbà. Kódà níbi tí ìtọ́ka yẹn ti lágbára jù, ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún Linda ló ń sọ, kì í ṣe ti Linda kan tó ń gbé lójúlé karùn-ún sí mi. Èmi mọ Linda tó yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ìṣirò sọ, àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n wá bi yín o: níbo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Fọ́ọ̀mù INEC kì í béèrè ẹgbẹ́. Kò síbi tí orúkọ Ráfíù àti ìbò Ráfíù ti pàdé rí. Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ kà? Ohun tí ọmọ yẹn máa tẹ̀ sínú rẹ̀ ni èrò tirẹ̀, èrò tirẹ̀ náà ló sì máa bá jáde.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn.

Dọ́kàsì lorúkọ ọmọ mi obìnrin. Ó fẹ́ Mùsùlùmí, Sìdíkátù ni wọ́n ń pè é nílé ọkọ. Bírò wo ni wọ́n máa fi sàmì sí i, pupa àbí ewé? Ọkùnrin méjì ni mo bí tẹ̀ lé e, bàbá kan náà, ìyá kan náà, Adé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì. Tí ìdìbò bá ti ń bọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n má jókòó nítòsí ara wọn. Ẹnì kan ò lè fi orúkọ yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi tí mo bí wọn gan-an ò lè fi í yà wọ́n.

Ẹ fún Ráfíù ní ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́.

Aṣojú Wọ́ọ̀dù

Ẹ má bínú sí mi o. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, àgbà wa. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá òṣèlú ṣe nílẹ̀, láti ilé dé ilé, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: orúkọ ń sọ nǹkan.

Tí mo bá gbọ́ orúkọ ìdílé èèyàn níbí, mo mọ agbolé tó ti jáde. Mo mọ baálé ibẹ̀, mo sì mọ ẹni tí baálé ń bá lọ. Lọ́dún 2023, tí ẹgbẹ́ kan mú Mùsùlùmí fún ààrẹ, tí wọ́n tún mú Mùsùlùmí fún igbákejì, mo rí àwọn ará ìjọ tí inú wọn ò dùn sí i rárá. Orúkọ ló jẹ́ kí n tètè mọ ilé tó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún àpò fàtiláísà, tí ìwé orúkọ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan, níbo lẹ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀? Kò sówó, kò sákòókò láti kan gbogbo ilẹ̀kùn.

Mi ò ní kí wọ́n fi du Ráfíù ní ohun tó tọ́ sí i. Mo kàn ní kẹ́ ẹ má sọ pé kò wúlò rárá.

Mo Ṣiṣẹ́ Ìdìbò Rí

Ẹ̀gbọ́n Aṣojú Wọ́ọ̀dù, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ohun tí mo fojú rí lọ́dún 2023 ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Mo wà lára àwọn tí INEC gbà láti bójú tó ibùdó ìdìbò. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, mo jókòó síwájú ìwé orúkọ kan. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìdìbò gómìnà, ìwé orúkọ yẹn náà ni. Ràímì, Felicia, Olúwaṣeun, Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó yí orúkọ padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Bọ́lá Tinúbú ti APC ló gbégbá orókè nínú ti ààrẹ pẹ̀lú ìbò 449,884. Nínú ti gómìnà, Ṣèyí Mákindé ti PDP ló wọlé pẹ̀lú 563,756. Mùsùlùmí ni ti àkọ́kọ́, Onígbàgbọ́ ni èkejì. Ìwé orúkọ kan náà la lò fún ìdìbò méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé orúkọ tàbí ẹ̀sìn ló ń tẹ̀ka, báwo ni ìpínlẹ̀ kan á ṣe tẹ APC lóṣù Kejì, tí á tún tẹ PDP lóṣù Kẹta?

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó ń sàmì sórúkọ mọ bí ìbò ṣe ń lọ níbẹ̀. BVAS, ẹ̀rọ tí a fi ń dá olùdìbò mọ̀, á yẹ ojú tàbí ìka èèyàn wò, a ó sàmì sí orúkọ rẹ̀ pé ó ti wá. A ó fún un ní ìwé ìdìbò, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Á wọ inú ibi ìkọ̀kọ̀ lọ, á tẹ̀ka, á ká ìwé náà lọ́nà tí yíǹkì ò fi ní ràn mọ́ àmì ẹgbẹ́ mìíràn, á sọ ọ́ sínú àpótí. Nírọ̀lẹ́, ohun tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ibùdó ìdìbò, ni iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí orúkọ ti pínyà pẹ̀lú ìbò nìyẹn, òfin ló sì pín wọn níyà.

Ẹ tún wo àwọn aṣáájú fúnra wọn. Adébáyọ̀ Àlàó-Àkálà, ọmọ ìlú wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere: PDP ló fi ṣe gómìnà dé 2011, ẹgbẹ́ Labour ló fi díje lọ́dún 2015, ADP lọ́dún 2019, APC ló padà sí kó tó kú lọ́dún 2022. Adébáyọ̀ Adélabú díje lábẹ́ APC lọ́dún 2019, lábẹ́ Accord lọ́dún 2023. Adébáyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ará Ọ̀yọ́, ìdí Ọjà Akẹ̀sán

Ẹ jẹ́ kí ará Ọ̀yọ́ náà fi ẹnu sí i.

Ohun tí orúkọ ń sọ lọ́dọ̀ wa pọ̀, ìṣèlú ni kò sí níbẹ̀. Àyàn ń sọ ilé onílù. Ọ̀jẹ́ ń sọ ilé eégún. Ọdẹ, Ifá, Ṣàngó, kálukú ń sọ ohun tí àwọn baba ńlá onítọ̀hún ń ṣe. Àyànwálé lè jẹ́ dókítà eyín lónìí. Àwọn ilé mìíràn ti fi Olú rọ́pò Ifá nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, àwọn ọmọ wọn sì ti fi Jésù síwájú orúkọ tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ Florida ti bá tiwa mu ni ti ọjọ́ orí. Tí mo bá gbọ́ Lámídì, Búsàrí, Ṣítù, Ràímì, mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni mò ń bọ̀ wá kí. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ìwòyí ń jẹ́ Fawaz, Mubarak, Abdulmalik. Dọ́kàsì, Felicia àti Comfort ń kó ọmọ-ọmọ jọ, Jésùtófúnmi àti Ìníolúwa ló wà níléèwé gíga. Ọjọ́ orí sì lè ní ohun tó ń ṣe sí ìbò lóòótọ́. Ẹni tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 1955, ojú tó fi ń wo ìjọba lè yàtọ̀ sí ti ọmọ Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, tó ń ra dátà kó tó ka ìwé. Àmọ́ Akọ̀wé, tó bá jẹ́ ọjọ́ orí lẹ fẹ́ mọ̀, ṣebí ó wà nínú fọ́ọ̀mù yín. Ẹ ò nílò orúkọ láti méfò rẹ̀.

Oríṣi orúkọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń sọ ìṣèlú ẹni tó ń jẹ́ ẹ: èyí tí àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Mojọlá Agbébí, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, David Brown Vincent ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1894 ló bọ́ ọ sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ìjọ àwọn èèyàn dúdú gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nínú ìsìn, nínú aṣọ, nínú orúkọ. Azikiwe bọ́ Benjamin sílẹ̀ lọ́dún 1934. Awólọ́wọ̀ náà ní Jeremiah, ta ló ń fi pè é mọ́? Tí ẹ bá rí ẹni tó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó lọ sí kóòtù lọ búra pé orúkọ báyìí ni òun fẹ́ máa jẹ́ láti òní lọ, ẹ lè bi í léèrè ohun tó ń jà fún, á sì sọ fún yín. Ráfíù ò yan Ráfíù.

Ẹ wo ìtẹ́ tiyín náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún orí adé. Ọba tó wàjà lọ́dún 2021 ń jẹ́ Jímọ̀. Ṣọ̀ún tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 2023, Ọba Afọlábí Ghandi Ọláoyè, pásítọ̀ ni kó tó jọba, Ghandi sì wà láàárín orúkọ rẹ̀. Kí ni ẹni tó wá pẹ̀lú bírò pupa àti ewé fẹ́ rí kà níbẹ̀?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Florida

Ẹ̀gbọ́n Aṣojú Wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ n fi kan kún un, nítorí ohun tí ẹ sọ nípa ibi téèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ méjì, Bertrand àti Mullainathan, gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tó súnmọ́ 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Wọ́n fi orúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ òyìnbó, bí Emily àti Greg, sí àwọn kan. Wọ́n fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ èèyàn dúdú, bí Lakisha àti Jamal, sí àwọn yòókù. Iṣẹ́ kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà. Emily àti Greg rí ìpè kan nínú ìwé mẹ́wàá tí wọ́n fi ránṣẹ́. Lakisha àti Jamal ní láti fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ kí wọ́n tó rí ọ̀kan. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbanisíṣẹ́ yẹn á ní àwọn ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, pé ibi táwọn á ti bẹ̀rẹ̀ làwọn ń wá.

Ẹ̀yin lo orúkọ láti mọ ilé tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Nígbà tí ẹ débẹ̀, onílé bá yín sọ̀rọ̀, ó lè já èrò yín nírọ́. Ẹni tí wọ́n fi bírò fa orúkọ rẹ̀ dànù ò ní rí ẹnikẹ́ni tó máa wá bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì ti yàtọ̀, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí sí.

Ọmọ Tákíè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún alága wa, ó gbà. Àmọ́ ìbéèrè kan ló kù tí òun náà bi mí: ẹ̀rọ ìránṣọ ò tó, fàtiláísà ò tó. Tí a kò bá fi orúkọ pín in, kí la máa fi pín in tí kò fi ní dìjà?

Agbẹjọ́rò Ṣábó

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti òfin, nítorí ó lè ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá dé iwájú wọn.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ẹ̀sìn èèyàn, ẹ̀yà rẹ̀ àti èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú mọ́ ara ìsọfúnni ẹlẹgẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí, tí wọ́n wá fi àwọ̀ sọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe, ìsọfúnni ẹlẹgẹ́ nìyẹn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n méfò rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn fún yín lórúkọ wọn nítorí ìrànwọ́, wọn ò fún yín láṣẹ láti fi ṣe èyí. Tí ojú ewé aláwọ̀ yẹn bá bọ́ sórí WhatsApp, orúkọ akọ̀wé ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà á ní fọ́tò.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá fẹ́ mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibi tó ti máa wò ó. Òfin Ìdìbò ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní rẹ́jísítà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wọlé ló ń wà níbẹ̀. Ẹ sì sọ fún ẹni tó ń du ipò yẹn, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé kéèyàn fi ẹ̀bùn ra ìbò, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Tó bá jẹ́ pé ìrànwọ́ ló fẹ́ ṣe lóòótọ́, ìwé tí kò sí àmì ẹgbẹ́ lára rẹ̀ ló máa dáàbò bo òun alára.

Ní ti bí ẹ ṣe máa pín in: ẹ wo iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹni tó fẹ́ gbà á mú sàtífíkéètì fíríídọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, tàbí kí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá jẹ́rìí. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ á yẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Fàtiláísà, kí ẹni méjì tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà sọ ohun tó ń gbìn. Ti akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti lẹ́tà iléèwé. Tí àwọn tó yẹ bá ṣì ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, ẹ kó orúkọ wọn sínú abọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí ọmọdé kan máa mú un jáde. Kẹ́ ẹ kọ ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi rí gbà àti ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò fi rí gbà síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò rí gbà lè bínú, àmọ́ á rí ohun tó lè kà.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Agbẹjọ́rò, Ọlọ́run á máa gbè yín. Ẹ fi kún un pé kí wọ́n má ṣe é nílé olóṣèlú o. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni kí wọ́n ti ṣe é, tí ẹsẹ̀ gbogbo ayé ti lè débẹ̀. Obìnrin tó ní ọmọ lẹ́yìn ò ní wọ ilé ẹni tí kò mọ̀ nítorí àpò fàtiláísà.

Tíṣà Afẹ̀yìntì

Mo fara mọ́ ọn. Akọ̀wé, ohun kan tún wà. Lórí káàdì ìdìbò, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú. Nínú ìwé ẹgbẹ́ yín, àwọn kan á ti kọ orúkọ tiwọn ṣáájú, àwọn kan á ti kọ ti bàbá. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bíi Kẹ́hìndé Àjàní, lẹ́ẹ̀kan bíi Àjàní Sáńdè. Mú ìwé náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ká jọ fi nọ́ńbà fóònù àti ojúlé yẹ̀ ẹ́ wò. Tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á gba ẹ̀rọ méjì, àwọn èèyàn á sì ní ojúsàájú ni.

Aṣojú Wọ́ọ̀dù

Tíṣà, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé orúkọ máa ń jẹ́ kéèyàn mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ti fífa orúkọ dànù yìí ni mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí, n ò sì ní bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Akọ̀wé, mo mọ àgbà kan tó sún mọ́ ẹni tó ń du ipò yẹn. Má dá nìkan lọ lọ́jọ́ Sátidé. Tẹ ìwé orúkọ tuntun, èyí tí kò ní àmì kankan, ní ẹ̀dà méjì, kó o sì tẹ ohun tí Agbẹjọ́rò kọ yìí mọ́ ọn. Màá pàdé rẹ ní Tákíè láago mẹ́wàá àárọ̀, àwa méjèèjì la jọ máa wọlé. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà ní ọmọdé ló ń bá àwọn jà. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, a ó dá ìwé náà padà fún wọn, a ó sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé wọn ò gbà.

Ọmọ Tákíè

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Aago mẹ́wàá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Màá sọ bó bá ṣe lọ níbí lálẹ́ ọjọ́ náà. Tíṣà, ẹ máa retí mi lọ́jọ́ Jímọ̀.